Ọkùnrin Tó Ń Rìn Kiri Nínú Sinimá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹnu ṣe pọ̀ tó ní Ajégúnlẹ̀, kó gbé sinimá tí nǹkan kan ò ti ṣẹlẹ̀ wá síbẹ̀. Onyeka ló gbé e wá ní ìrọ̀lẹ́ Sunday kan tí kò sí bọ́ọ̀lù. Àdúgbò yìí ni wọ́n bí i sí. Ó lọ kọ́ nípa fíìmù ní yunifásítì, ó sì padà dé pẹ̀lú ìpinnu pé àwọn ará àdúgbò òun gbọ́dọ̀ wo sinimá àtijọ́ àwọn ará Ítálì, wọn ì báà fẹ́, wọn ì báà kọ̀. Ó bẹ ẹni tó ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, ó pín gúgúrú fáwọn èèyàn kí wọ́n má bàa dìde, ó sì tan ẹ̀rọ.

Sinimá aláwọ̀ dúdú àti funfun ni. Ọkùnrin kan wọ kóòtù, ó dé fìlà, ó dágbére fún ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó rìn kọjá ọjà, ó rìn kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró létí omi, ó ń wo àwọn tó ń já ẹrù nínú ọkọ̀ títí ó fi sú gbogbo ilé. Kò sẹ́ni tó gbá ẹnìkankan létí, kò sẹ́ni tó yìnbọn. Orin pàápàá, wọn ò fi sí i.

"Obìnrin ló ń lọ bá," ni Àṣírù wí. Awakọ̀ tírélà ni Àṣírù, ibùdókọ̀ Coconut lọ́nà èbúté ló máa ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í rí obìnrin nínú rẹ̀. "Ọkùnrin tó múra báyìí tí kò dé ibi iṣẹ́, ẹ má wulẹ̀ béèrè mọ́."

Rukevwe onídìrí kọ̀. "Na craze dey start like that. My uncle own start the same way."

"Kò níṣẹ́ ni." Ràdíátù ló sọ̀rọ̀. Télọ̀ ni, ó jókòó ti Dáhùnsí ọkọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. "Wọ́n ti dá a dúró, kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́ nílé. Ẹ wo bó ṣe ń wo àwọn tó ń ru ẹrù yẹn. Ojú ẹni tí iṣẹ́ ń wù ló fi ń wò wọ́n."

Ooru mú Dáhùnsí lójijì, bẹ́ẹ̀ fáànù wà lórí rẹ̀.

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni iléeṣẹ́ tí Dáhùnsí ti ń bá wọn yọ ẹrù ní èbúté Tíńkáàn ti kógbá wọlé. Kò sọ fún Ràdíátù. Láràárọ̀ ló ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, tó ń jáde, tó ń rìn káàkiri Àpápá títí àsìkò iṣẹ́ á fi parí. Kì í ṣe pé ó jẹ́ èèyàn burúkú. Oyún ti bàjẹ́ lára Ràdíátù lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ọ̀sì sì ti ní kó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì bí ó bá fẹ́ kí èyí dúró. Dáhùnsí fúnra rẹ̀ ló fọ́nnu pé, "Fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Èmi á bọ́ ẹ." Lọ́jọ́ Monday, ìyẹn ọ̀la, Adaobi, télọ̀ ẹgbẹ́ Ràdíátù, ń bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Ìwọ̀nba owó tí wọ́n fi sin Dáhùnsí jáde níbi iṣẹ́ ni wọ́n ń jẹ, ó sì ti kù díẹ̀ kó tán. Ó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó kàn ń wá ibi tí ẹnu rẹ̀ wà ni.

Ẹnu yẹn kúkú wá, èébú ló fi bọnu.

"Ọ̀lẹ ni!" Ó pariwo ju bó ṣe yẹ lọ. "Ọkùnrin wo ló ń tan ìyàwó ẹ̀ jẹ bẹ́ẹ̀? Ká ní ọmọ ìyá mi ni, mi ò ní bá a jẹun."

"Ẹ ṣàánú ẹ̀," ni Ràdíátù wí. "Ojú ló ń tì í."

"Ojú wo? Òpùrọ́ ni."

Bí ó ti ń sọ ọ́ ló ń dùn ún, ó sì tún ń fún un ní ìtura, bí ìgbà tí èèyàn bá ń họ ojú egbò. Nínú sinimá, ọkùnrin náà dé iwájú ilé kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àṣírù pàtẹ́wọ́. "Ilé àlè ẹ̀ rèé! Mi ò wí?"

Àgbèrè nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ tí Dáhùnsí ò dá, kò sì lè gbà kí wọ́n fi kún un. "Kò ní wọ ibẹ̀," ló sọ. "Á kọjá, á jókòó sórí afárá, á bọ́ bàtà, á gbọn yanrìn inú ẹ̀ dànù."

Ọkùnrin náà kọjá. Ó jókòó sórí afárá, ó bọ́ bàtà, ó gbọn yanrìn dànù.

"Oga Dáhùnsí," ni Rukevwe wí, "you don turn prophet?"

Inú Onyeka dùn, ọmọ yẹn ò mọ ohun tó ń ṣe. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo sinimá yìí ní Àpápá lọ́sàn-án Thursday nìyẹn! Ibẹ̀ nìkan la ti gbé e jáde rí. Mo ní mo rí ẹni tó jọ yín lẹ́yìn, ẹ sùn lọ díẹ̀."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Ti Dáhùnsí ò tiẹ̀ gbó tó bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án Thursday yẹn ni Ràdíátù rí ẹ̀jẹ̀. Ó pè é, ó pè é títí, fóònù ò lọ. Òun nìkan ló wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ bá nọ́ọ̀sì. Nígbà tí Dáhùnsí dé, ó ní Snake Island ni wọ́n rán òun lọ wo ẹrù, pé kò sí nẹ́tíwọ̀kì níbẹ̀. Ràdíátù tún bu omi fún un kó fi wẹ̀, ó ní ó kú iṣẹ́.

Nínú ilé ìwòran, Ràdíátù wá yíjú wo ọkọ rẹ̀. Gbogbo ilé ń retí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Àwọn ọ̀gá wọn ló ní kí wọ́n lọ wo sinimá yẹn. Wọ́n ti sọ fún mi."

Àwọn èèyàn yíjú padà sí sinimá. Ọkùnrin náà ti dé iwájú ilé rẹ̀, iná tàn nínú ilé, kò tíì kan ilẹ̀kùn tí sinimá fi parí. Àṣírù ní ibi tó kù dà, pé wọ́n gé e ni. Rukevwe ní kí Onyeka dá ìrọ̀lẹ́ òun padà. Onyeka bi Ràdíátù bóyá ọkùnrin náà á wọlé.

"Mi ò mọ̀ mọ́," ni Ràdíátù wí.

Nígbà tí wọ́n délé, Dáhùnsí kúnlẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó ń kólòlò.

"Mo ti gbèjà ọkùnrin inú sinimá yẹn níwájú gbogbo èèyàn pé ojú ló ń tì í," ni Ràdíátù wí. "Ẹnu wo ni mo tún fẹ́ fi bú yín? Ṣùgbọ́n mo pè yín. Mo rò pé ọmọ yìí náà ti lọ, mo wá ń pè yín."

Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Dáhùnsí pẹ́. Ràdíátù ṣe àlùwàlá, ó tẹ́ ẹní, ó kírun Màgàríbà níwájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnì kan náà ni wọ́n ń bẹ̀.

Láàárọ̀ Monday, Ràdíátù ti wà lórí maṣíìnì kí Adaobi tó dé. Dáhùnsí jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń ká aṣọ.

"Adaobi, má bínú," ni Ràdíátù wí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró. "Mi ò lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ mọ́. Jíjókòó sílé máa sú mi. Ọkọ mi ní kí n lọ sinmi, èmi ni mo kọ̀."

Adaobi wo ikùn rẹ̀, inú bí i. "So na you strong head pass nurse? After, if anything happen now, you go dey cry." Ó yíjú sí Dáhùnsí. "Oga, you try. Na your wife no dey hear word."

Ràdíátù gba ìbáwí náà, ó tẹrí ba, ó ń wa maṣíìnì lọ. Irọ́ Dáhùnsí ti di tirẹ̀, òun ló sì ń jìyà rẹ̀. Dáhùnsí sọ aṣọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀," ló wí, gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù sì gbọ́. "Mi ò níṣẹ́ mọ́, Adaobi. Ó ti pẹ́. Èmi ni mo ń parọ́ fún un."

Ẹsẹ̀ Ràdíátù dúró. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn rẹ̀, ó gbé orí lé maṣíìnì, ó sì sun ẹkún tó ti ń pa mọ́ra láti ọjọ́ Thursday.