Igi Kékeré Tí Mo Pa Rẹ́ Lẹ́ẹ̀mẹta

Ẹ sún mọ́ mi, kí n rọ́ àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná fún yín. Ẹ mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tẹ taípù ní ọ́fíìsì. Nísinsìnyí, mo ń kọ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ Tíṣà Morẹ́nikẹ́, ọmọ tí kò tó àbígbẹ̀yìn mi lọ́jọ́ orí. Ó ní kí n mú kí ẹ̀rọ náà tẹ orúkọ àwa ọmọ ìyá jáde, kí kálukú ní ìlà tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni gbogbo orúkọ rún mọ́ ojú ìlà kan. Ìrọ̀lẹ́ àná ni Tíṣà fẹ́ gba iṣẹ́ náà wò kẹ́yìn. Mo sọ fún ọkọ mi pé n kò lọ mọ́, mo bá sùn.

Ni mo bá rí ọ́fíìsì wa àtijọ́ tó ń léfòó lókè igi máńgòrò. Mo fi àkàbà gùn ún. Ọ̀gá wa gba ìwé mi. Kẹ́hìndé, Táyéwò, Ìdòwú àti èmi Àlàbá la há sójú ìlà kan nínú rẹ̀, tí a ń tẹ ara wa lẹ́sẹ̀.

Kẹ́hìndé ń pariwo pé, “Ìdòwú, gbé ìgbọ̀nwọ́ ẹ kúrò níhà mi! Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?”

Ọ̀gá ní, “Ìyáàfin, èyí ò ṣeé kà.” Ló bá di òbúkọ, ó sì jẹ ìwé náà.

Mo ní, “Á gba ibi ire o, sà.”

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dà sẹ́yìn, àmì \ inú kọ̀ǹpútà, wọlé, lẹ́tà n kékeré dì í lọ́wọ́ mú. Ọ̀dà funfun tí a fi ń pa àṣìṣe rẹ́ bo orí àwọn méjèèjì.

Igi náà ní, “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kí la fi ṣẹ̀ yín? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tíṣà fi wá sáàárín orúkọ yín, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ pa wá rẹ́.”

“Mo rò pé ìdọ̀tí ni yín.” Òótọ́ ni mo sọ. Lẹ́tà kan tó ṣáko sínú ìwé, ìtìjú ni fún onítaípù. Ojú mi kì í rí i kí ọwọ́ mi dákẹ́.

“Iṣẹ́ tí ọwọ́ òsì yín ń ṣe, tó ń ti taípù lọ sí ìlà tuntun, àwa là ń ṣe é báyìí.”

Háà, wọ́n wú mi lórí! Apá yìí ro mí fún ọgbọ̀n ọdún nítorí iṣẹ́ tí ohun bíńtín yìí ń ṣe láìlàágùn. Mo fi gèlè mi nu orí wọn, mo tọrọ àforíjì, mo dá wọn padà sáàárín wa. Kẹ́hìndé jókòó sókè. Táyéwò wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń kùn pé òun lòun kọ́kọ́ dé ayé. Ìdòwú tẹ̀ lé e, èmi náà sì ríbi na ẹsẹ̀ sí. Òbúkọ pọ ìwé náà jáde, ó kà á ketekete, ó fi pátákò buwọ́ lù ú.

Mo ta jí. Ọkọ mi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìrọ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyá Fadékẹ́mi, kí ni mo ṣe tó o fi tì mí bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì?”

“Ẹ má bínú. Ìlà tuntun lẹ wà yẹn.”

“Ibo lò ń lọ? Ìwọ kọ́ lo ní o ò lọ mọ́?”

“Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ṣì há síbì kan,” mo dá a lóhùn, mo ń wá bàtà mi. “Mo fẹ́ lọ tú wọn sílẹ̀.”