Orí Ọ̀pá Tí Lyman Ń Wá

Kàà! Ìró yẹn kò kúrò létí Elihu Sprague láti ìgbà èwe rẹ̀. Bó bá ń gé ẹ̀ka ápù lóko rẹ̀ ní Oregon, tí igi gbígbẹ bá ṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ a sá wọ àpò fúnra rẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó lọ ní Massachusetts ni ìró náà ti wá. Nígbà yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní kò gbọdọ̀ gbé ọ̀pá ìtìlẹ̀ rìn nínú ọgbà. Tó bá wù wọ́n láti fi ọ̀pá yan bí ọmọ olówó, àfi kí wọ́n bá àwọn ọmọ ọdún kejì jà fún un. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni wọn yóò gbé sáàárín pápá, kíláàsì méjèèjì a sì rọ́ lù ú. Bí ìbọn ìparí bá dún, àwọn àgbà kíláàsì a ka ọwọ́ tó ṣì wà lára ọ̀pá. Àwọn tí ọwọ́ wọn bá pọ̀ jù ló ni ín. Wọn a fi ayùn rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kí olúkúlùkù ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò jábọ́ mú ègé tirẹ̀ lọ sílé.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Elihu, ṣùgbọ́n bó bá ju bọ́ọ̀lù, ẹni tó fẹ́ fi igi gbá a, afẹ́fẹ́ ló máa ń nà. Òun àti Lyman Colegrove, ọmọ oníbáńkì tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, ni wọ́n ń du ipò ajùbọ́ọ̀lù.

“Elihu, àgbàdo lo mọ̀ ọ́n jù fún adìyẹ,” Lyman sọ bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ lọ́jọ́ kan.

“Ó dáa, wá dúró níbẹ̀ kí n jù ú fún ọ, àkùkọ.”

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ẹ̀wà há gbogbo tábìlì lọ́fun.

Lọ́jọ́ ìjà ọ̀pá, òjò ti rọ̀. Ẹrẹ̀ sọ gbogbo wọn di àwọ̀ kan. Elihu wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí ọ̀pá, ojú rẹ̀ dí. Ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí rẹ̀.

“Elihu, ṣé ìwọ nìyẹn?”

“Èmi ni!” Ó ṣe bí olùrànlọ́wọ́ dé.

Bàtà balẹ̀ lórí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kàà! Ọwọ́ òsì kò tú. Ọwọ́ òsì kan yẹn náà ni kíláàsì wọn fi borí, orí ọ̀pá sì ni ègé tó kan Elihu.

Lyman wá kí i lórí ibùsùn. “Má bínú, ọ̀rẹ́. Ẹrẹ̀ ni. Mo ṣe bí ọmọ ọdún kejì ni.”

“Orúkọ mi lo pè, Lyman.”

“Ta ló gbọ́?”

Kò sẹ́ni tó gbọ́. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, Lyman ló ń ju bọ́ọ̀lù, tí àwọn ọmọge ń ju áńkáṣíìfù sókè. Elihu jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú ìka wíwọ́, títí ara rẹ̀ kò fi gbà á mọ́. Ó wọkọ̀ ojú irin lọ sí ìwọ̀ oòrùn, orí ọ̀pá wà lápò rẹ̀. Aago ilé àdúrà kọ́lẹ́ẹ̀jì àti orin tí àwọn ọmọ ń kọ nínú ọgbà nírọ̀lẹ́, kò gbọ́ wọn mọ́ láéláé. Lyman gba ìyẹn náà.

Ìgbà tí irun orí rẹ̀ funfun tán ni wáyà tẹligíráàmù dé. Thirza ìyàwó rẹ̀ ló kà á: “Elihu, ṣé ìwọ nìyẹn ní Oregon? Wọ́n fi orúkọ mi sọ ilé eré ìdárayá tuntun. A ti kó gbogbo ègé ọ̀pá wa jọ láti gbé e kọ́ sára ògiri. Orí rẹ̀ nìkan ló kù. Fi ránṣẹ́. Lyman.”

“Bàbá Orpha, ẹ fún un jàre. Igi lásán ni.”

“Igi lásán ni ìka mi náà?”

“Ẹ̀yin méjèèjì ti darúgbó.”

“Thirza, bí ẹni tó ṣu bá gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.”

Ó mú orí ọ̀pá náà, tó ti ń fi aṣọ nù láti ọdún wọ̀nyí wá, ó ṣí ilẹ̀kùn sítóòfù, ó sì jù ú síná.

“Háà! Elihu!”

“Gbé kẹ́tùlù kaná.”

Igi àtijọ́ náà jó geregere. Ìdúró ni Elihu fi mu kọfí rẹ̀, ìka wíwọ́ rẹ̀ wé mọ́ ife. Thirza wò ó títí, ó wá bu tirẹ̀.

“Kò burú o,” obìnrin náà sọ.

Elihu di ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́, ó kọrí sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin.

“Ṣé ọ̀rọ̀ pọ̀, Bàbá Sprague?” òṣìṣẹ́ wáyà bi í.

“Kò pọ̀. Máa tẹ̀ ẹ́ lọ: Lyman, èmi ni. Mo fi orí ọ̀pá náà se kọfí láàárọ̀ yìí. Ó dùn.”