Ọ̀pọ̀lọ́ Abẹ́ Léèsì

Ẹni tó bá ní nǹkan ọ̀fẹ́ kì í ni èèyàn lára, kó lọ bi Sẹ̀gilọlá tíṣà. Oṣù kìíní ọdún 1999 ni àwọn tó ti jáde nílé-ìwé girama kan nítòsí Bẹẹrẹ kó ara wọn jọ l'Ékòó, tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà tuntun wá fún ilé-ìwé wọn. Ọ̀fẹ́ ni, wọn ò béèrè kọ́bọ̀. Kí wá ni Pírínsípà ṣe? Ọ̀gá Ezekiel gbé e sórí tábìlì nínú ọ́fíìsì ara rẹ̀, ó fi léèsì funfun bò ó látòkè délẹ̀, ó gbé fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ lé e lórí, ó sì kéde lórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé tíṣà o, ọmọ ilé-ìwé o, ẹnì kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí wọn yóò fi ya kiní náà sí mímọ́.

"Mọ́tò tuntun, a máa ń gbàdúrà sí i," ó ní. "Ilé tuntun, a máa ń gbàdúrà sí i. Ṣé kọ̀ǹpútà la ó wá kàn gbá mú bí ìgbálẹ̀?"

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàsímímọ́ ń fẹ́ àlejò pàtàkì, àlejò pàtàkì ń fẹ́ lẹ́tà, lẹ́tà ń fẹ́ èsì. Nígbà tó yá, àwọn òbí tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí wọ́n sì ju ìdajì lọ, ní bí wòlíì bá máa gbàdúrà sí i, áàfáà náà ní láti gbàdúrà sí i. Ọ̀gá Ezekiel ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi rò ó. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí irú wọn máa pín oúnjẹ fún wa.

Sẹ̀gilọlá ò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó lè fi ṣòfò. Báyọ́lọ́jì ló ń kọ́ àwọn ọmọ, nílé-ìwé tí kò ní yàrá àyẹ̀wò, tí máíkírósíkópù kan ṣoṣo tí wọ́n ní ti fọ́ lójú kí òun tó débẹ̀. Ọdún mẹ́ta léra wọn, ọmọ kan ò yege. Mínísírì ti wá kọ̀wé pé Ìyáàfin Adéyẹ́misí, ìnsípẹ́kítọ̀, ń bọ̀ wá bi àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ní ìbéèrè lójúkojú. Bí wọn ò bá mọ nǹkan kan, ilé-ìwé náà ò ní lè forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ fún báyọ́lọ́jì nínú ìdánwò Wáẹ̀kì mọ́. Ọmọ méje ló ń ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn ni Morẹ́nikẹ́, ọmọ Ìdí Àrẹ̀rẹ̀, tó ti sọ fún gbogbo agboolé pé nọ́ọ̀sì lòun máa ṣe, tí wọ́n sì ti ń mú ọmọ tára rẹ̀ ò yá wá bá a kó tiẹ̀ tó wọ kíláàsì kẹfà. Láìsí báyọ́lọ́jì, ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wo ló máa gbà á? Sẹ̀gilọlá fẹ́ràn ọmọ náà débi pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kó gbádùn oúnjẹ.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Olúgbénga, ló ní ṣọ́ọ̀bù íńtánẹ́ẹ̀tì kan l'Ókè Bọ́lá. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó fà á jókòó síwájú ẹ̀rọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó. Àwọn tíṣà kan wà lókè òkun tó jẹ́ pé gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ni wọ́n ń gbé síbí. Àwòrán, ìbéèrè, ìdáhùn, gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá wù kó mú."

"Èló?"

"Ọ̀fẹ́ ni."

"Irọ́ ni. Kí ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ wa?"

"Wọn ò wá nǹkan kan. Tíṣà bíi tiyín ni wọ́n."

Sẹ̀gilọlá rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Tíṣà tó mọ̀, ẹni tó yá wọn ní ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo, á tọpa rẹ̀ dé Mọ́níyà. Àmọ́ nígbà tí àwòrán ọ̀pọ̀lọ́ kan yọ, tí wọ́n ti la ikùn rẹ̀, tí ọkàn, ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun rẹ̀ hàn ketekete, tí orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, igbe ló ké, "Yéè!" tí àwọn oníbàárà fi yíjú padà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbá àbúrò rẹ̀ léjìká. Olúgbénga kó gbogbo rẹ̀ sínú dísìkì méjì fún un.

Dísìkì wà báyìí. Kọ̀ǹpútà wà. Léèsì ló kù láàárín wọn.

Bàbá Màmúdù, mẹ́sẹ́ńjà ilé-ìwé, ló máa ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì Pírínsípà nígbà tí ọ̀gá bá wà lórí ìlà pẹ̀lú àwọn ọmọ láàárọ̀. Àdúrà àárọ̀ Ọ̀gá Ezekiel kì í sì í ṣe kékeré. Á gbàdúrà fún Nàìjíríà, á gbà fún Áfíríkà, á dé Jerúsálẹ́mù, á tún gba ọ̀nà Ṣakí padà sílé. Sẹ̀gilọlá fi aago wò ó lọ́jọ́ mẹ́ta, kò sí èyí tó dín ní ogójì ìṣẹ́jú.

"Bàbá," ó ní, "ṣé ẹ lè bá mi gbàgbé ilẹ̀kùn yẹn ní ṣíṣí láàárọ̀?"

Bàbá Màmúdù, tí Morẹ́nikẹ́ jẹ́ ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Tíṣà, ọjọ́ orí mi ti tó ti ẹni tó ń gbàgbé nǹkan."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Tíṣà kan, ọmọ méje, wọ́n á yọ́ kúrò lórí ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé tọkọtaya inú fọ́tò sílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n á ká léèsì sókè. Bí ọ̀gá ṣe ń pe àwọn áńgẹ́lì lórúkọ níta ni Morẹ́nikẹ́ ń pe ìfun ọ̀pọ̀lọ́ lórúkọ lórí àga rẹ̀. Tí àwọn ọmọ bá ti ké "Àmín" gígùn tó gbẹ̀yìn, wọ́n á pa á, wọ́n á bò ó, wọ́n á dá tọkọtaya padà sáyè wọn. Morẹ́nikẹ́ ló rí i pé wọ́n ń fi àsìkò ṣòfò kí àwòrán tó jáde, ló bá ṣètò ẹ̀rọ náà pé bí wọ́n bá ti ń tàn án, ọ̀pọ̀lọ́ ni kó kọ́kọ́ yọ. Sẹ̀gilọlá ní orí ẹ̀ pé gan-an, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀.

Àfi bí Ọ̀gá Ezekiel ṣe pinnu, láìsọ fún tíṣà kankan, pé ọjọ́ tí ìnsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ gan-an lòun máa ya kọ̀ǹpútà sí mímọ́, kí òun lè fi obìnrin náà ṣe àlejò pàtàkì. Nígbà tí Sẹ̀gilọlá fi máa dé láàárọ̀, wọ́n ti gbé e sínú gbọ̀ngàn, léèsì lórí, àwọn òbí ti jókòó. Wòlíì Èjìdé ti dé tòun ti agogo àti garawa omi àdúrà kan. Áàfáà Sàláúdéènì ti dé tòun ti tẹ̀súbáà rẹ̀. Wọ́n sì ti ń jà lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ gbàdúrà.

"Ẹ jọ gbà á pọ̀," Ìyáàfin Adéyẹ́misí ní. "Ilé-ìwé mẹ́ta mìíràn ṣì ń retí mi."

Ìgbà tí Ọ̀gá Ezekiel mú etí léèsì ni Sẹ̀gilọlá rántí ọ̀pọ̀lọ́, ó fò dìde.

"Ọ̀gá! Ẹ jẹ́ kí n bá yín nù ún ná!"

"Ẹ jókòó, Ìyáàfin."

Ó ká léèsì kúrò, ó tẹ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kùn fún ìgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ sì yọ. Ọ̀pọ̀lọ́ gbàǹgbà, ikùn rẹ̀ là, ó na apá méjèèjì sókè bí ẹni tó ń yin Olúwa.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ni Wòlíì.

"Aúsù bílláhì!" ni Áàfáà.

Láti oṣù kìíní, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu àwọn méjèèjì máa kò. Ìyá kan ti ń sá lọ sẹ́nu ọ̀nà. Wòlíì ní wọ́n ti di ìlọsíwájú ilé-ìwé mọ́ inú ọ̀pọ̀lọ́, Áàfáà ní òun ti fura láti ìgbà tí wọ́n ti ní ọ̀fẹ́ ni, Wòlíì sì gbé garawa.

"Ẹ má da omi sí i!" Sẹ̀gilọlá ké. "Iná wà lára ẹ̀!"

Ó ti dà á. Ó dún fàì, ó rú èéfín, ọ̀pọ̀lọ́ ta gìrì lẹ́ẹ̀mejì, ojú ẹ̀rọ sì ṣú.

"Ó ti lọ!" Wòlíì kígbe ìṣẹ́gun. Òótọ́ ló sọ, ó ti lọ, òun àti kọ̀ǹpútà.

"Ta ló ṣe iṣẹ́ ibi yìí?" Ọ̀gá Ezekiel bi gbogbo gbọ̀ngàn. Bàbá Màmúdù bẹ̀rẹ̀ sí húkọ́. Sẹ̀gilọlá dìde kí ikọ́ náà tó bá nǹkan jẹ́.

"Èmi ni. Báyọ́lọ́jì ni, kì í ṣe iṣẹ́ ibi. Ẹ ti wá da omi sí i." Omijé bọ́ lójú rẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn, kò nù ún. Ọ̀gá Ezekiel fa ìwé àti bírò yọ, ó jókòó, ó ń kọ kúẹ́rì fún un kíákíá.

Ìyáàfin Adéyẹ́misí tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. "Àwọn ọmọ báyọ́lọ́jì dà?"

Àwọn méjèèje dìde.

"Kí ni mo rí lójú ẹ̀rọ yẹn kó tó kú?"

Morẹ́nikẹ́ bá rìn lọ sídìí pátákó, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ sí ya ọ̀pọ̀lọ́. Ó ya orí, ó ya ikùn, ó ya ọkàn sáàárín, àwọn mẹ́fà tó kù sì ń pe orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń yà á.

"Yàrá mélòó ló wà nínú ọkàn rẹ̀?"

"Mẹ́ta, Mà!"

"Ti èèyàn ńkọ́?"

"Mẹ́rin!"

Ó bi wọ́n títí, ó bi wọ́n nípa ewé, ó bi wọ́n nípa ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ṣi méjì, wọ́n gba ìyókù. Wòlíì Èjìdé fúnra rẹ̀ ti sún mọ́ pátákó, ó ń bi ọmọ kan ní jẹ́jẹ́ pé ibo gan-an ni òróòro wà.

Àsìkò yẹn ni Ọ̀gá Ezekiel parí ìwé rẹ̀, tó nà án sí Sẹ̀gilọlá.

"Kí nìyẹn?" Ìyáàfin Adéyẹ́misí béèrè.

"Kúẹ́rì ni, Mà. Mi ò gba ìwàkiwà láyè níbí."

"Tíṣà, ẹ kà á sókè."

Sẹ̀gilọlá nu ojú, ó kà á. "Ẹ ṣàlàyé, kó tó di aago méjì ọ̀sán òní, ìdí tí a ò fi gbọdọ̀ fìyà jẹ yín, nítorí pé ẹ fi kọ̀ǹpútà ilé-ìwé kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé lẹ́kọ̀ọ́."

Bàbá kan rẹ́rìn-ín kèékèé lẹ́yìn, ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Ezekiel nawọ́ láti gba ìwé rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ìnsípẹ́kítọ̀ ti na tirẹ̀.

"Ẹ mú un wá. Ẹ̀yìn ìròyìn mi ni mo máa so ó mọ́. Ẹ forúkọ àwọn méjèèje sílẹ̀ fún ìdánwò."

"Mi ò tíì dáhùn rẹ̀, Mà," Sẹ̀gilọlá ní.

"Ẹ dáhùn, nígbà náà."

Sẹ̀gilọlá yá bírò Ọ̀gá Ezekiel. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé náà pé, "Òótọ́ ni, mo kọ́ wọn," ó sì fọwọ́ sí i.