Ọjọ́ Tí Wọ́n Fa Trailer Adésọjí Lọ

Nígbà tí Adésọjí kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ ra trailer, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. "Tírélà kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ṣé sìmẹ́ǹtì lẹ fẹ́ máa kó lọ sí Edmonton ni?" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ṣàlàyé pé kì í ṣe irú ìyẹn, pé ilé kékeré kan ni, tó ní bẹ́ẹ̀dì, ibi ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, tí èèyàn á so mọ́ ìdí mọ́tò rẹ̀, tí á sì fà lọ síbi tó bá wù ú. Níkẹ́, ìyàwó rẹ̀, kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ni, orí ìdúró ló ń wà láti àárọ̀ dalẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kò sì yé e rárá ìdí tí ẹni tó kọ́lé gidi sí Cranston, láàrin ìlú ní Canada, yóò fi lọ máa sùn nínú igbó pẹ̀lú béárì.

Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé e. Nígbà tó sì di summer kejì, òun gan-an ló ń bèèrè pé ìgbà wo ni wọ́n tún ń lọ. Ohun tó fà á ni pé ọkọ rẹ̀ a máa yí padà níbẹ̀. Adésọjí tó ń bá gbogbo ayé jiyàn ní ọ́fíìsì nítorí páìpù epo, tó ń bá tẹlifíṣọ̀n jiyàn nílé, tí wọ́n bá ti dé ẹ̀bá adágún báyìí, á se tíì, á gbé àga síwájú ilẹ̀kùn trailer, á jókòó. Kò ní sọ̀rọ̀. Níkẹ́ á jókòó tì í, ìkùukùu á máa gbéra díẹ̀díẹ̀ lójú omi, ọkàn àwọn méjèèjì á sì balẹ̀.

Ìgbà tí snow ń yọ́ lọ́dún tó kọjá ni stroke dá Adésọjí wó. Ó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ láti basement, ó gbé ẹsẹ̀ kan, èkejì ò tẹ̀ lé e. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló rọ, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì dàrú. Kì í ṣe pé ó yadi o. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá na ọwọ́ sí ọ̀kan, òmíràn ló ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Á fẹ́ omi, á ní bàtà. Á fẹ́ pe Níkẹ́, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú ni yóò jáde. Obìnrin tó ń kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ ní gbogbo èrò rẹ̀ ló wà ní pípé nínú lọ́hùn-ún, ọ̀nà tó gbé e dé ẹnu ló já. Dókítà sì ní kò ní lè wa mọ́tò mọ́.

Trailer wà ní yáàdì tí wọ́n ti ń bá èèyàn tọ́jú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yìí. Nígbà tí ojú ọjọ́ tún mọ́lẹ̀ padà, Níkẹ́ rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, ó sì bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń mu ògì láàárọ̀.

"Bàbá Dóyin, mo ní kí n sọ fún yín o. Mo rò pé ká ta trailer yẹn. Ta ni yóò máa wà á? Mọ́tò lásán ni mo lè wà, mi ò lè fa ilé."

Adésọjí wo ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Ó dáa," ló sọ.

Níkẹ́ mí kanlẹ̀. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kò bi ara rẹ̀ pé kí ni "ó dáa" jẹ́ lẹ́nu ọkùnrin yìí nísinsìnyí. "Ó dáa" yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ tí kì í ṣìnà fún un. Òun ló fi ń dúpẹ́, òun ló fi ń sọ pé apá ń dun òun, òun náà ló fi ń lé àlejò lọ.

Àwọn tó rà á jẹ́ tọkọtaya kan láti Martindale ní apá kejì ìlú, Fọláhàn àti Mardiyah. Ọmọ tech ni ọkọ, nọ́ọ̀sì ni ìyàwó. Wọn ò tíì pẹ́ ní Canada, wọn ò sì fa trailer rí láyé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti wo fídíò títí ojú fi ń ta wọ́n. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n wá gbé e, Níkẹ́ ti ní kí ọkùnrin yáàdì bá òun fà á wá síwájú ilé. Tọkọtaya náà kó ẹrù dání, nítorí láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ kọrí tààrà sí Kananaskis, níbi òkè tí wọ́n ti ń pàgọ́.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn," ni Mardiyah wí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "YouTube ti confuse wa."

Níkẹ́ fẹ́ sọ pé òun ò mọ nǹkan kan, pé èrò ọkọ̀ lásán lòun. Ó la ẹnu, ìmọ̀ràn sì ń jáde. "Ẹ gbọ́, ẹni méjì ni kó máa wo ibi tí wọ́n so ó mọ́. Kó má jẹ́ pé ọ̀kan ń so, èkejì ń tẹ fóònù. Ṣéènì méjèèjì yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá lórí ara wọn lábẹ́, kó lè gba orí trailer mú tó bá já. Ẹ yẹ nọ́ọ̀tù táyà wò. Tẹ́ ẹ bá rìn díẹ̀, ẹ dúró, ẹ tún un yẹ̀ wò. Tẹ́ ẹ bá dé ibùdó, ẹ ti wedge sábẹ́ táyà kẹ́ ẹ tó tú u, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á yí lọ bá aládùúgbò. Kí snow tó dé, ẹ fa omi inú páìpù rẹ̀ gbẹ, torí tó bá di yìnyín á fọ́ ọ. Ẹni tó ń fa ilé kì í sáré. Àwọn tó bá ń kánjú, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá."

Ó dákẹ́ lójijì. Kì í ṣe ohùn òun nìyẹn. Ohùn Adésọjí ni, gbólóhùn kan kò yẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọkùnrin yìí ń ṣàlàyé, tí òun rò pé òun ò fetí sí i, etí òun ń gbà á pamọ́. Ó wẹ̀yìn wò ó. Ẹnu ọ̀nà garage ni Adésọjí gbé jókòó lórí àga, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ láàrin orúnkún, ó ń wo ẹnu ìyàwó rẹ̀.

Àwọn ọmọ náà kó ẹrù wọn wọnú trailer. Generator, kúlà tó kún fún ẹran, àpò ìrẹsì, iṣu, èédú, omi inú ike: ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n to gbogbo rẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ló fẹ̀ jù. Fọláhàn so trailer mọ́ mọ́tò rẹ̀, òun àti Mardiyah sì yẹ ibẹ̀ wò pọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n ṣe. Fọláhàn wọ mọ́tò, ó ṣáná sí i.

Nígbà náà ni Adésọjí dìde. Ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀ bọ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀, ó lọ dúró gbọnyin síwájú mọ́tò wọn.

"Òjò," ló wí.

Gbogbo wọn wojú sánmà. Oòrùn ń ràn.

"Òjò! Òjò!" Ó gbé ọ̀pá ti ara mọ́tò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Bàbá Dóyin, òjò ò rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níwájú mọ́tò."

Kò kúrò. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mardiyah sún mọ́ Níkẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mummy, ṣé Daddy ò fẹ́ tà á mọ́ ni? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a lè kó ẹrù wa, ẹ má jẹ́ kó sú yín."

Ìtìjú bo Níkẹ́. Aládùúgbò kan ti dúró níbi tó ti ń gé koríko, ó ń wò wọ́n. Inú bí i, sí ọkọ rẹ̀, sí aládùúgbò, sí odindi ọdún náà, ó sì jágbe mọ́ ọn: "Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní ó dáa? Ta lẹ fẹ́ kó wà á? Ẹ̀yin?"

Ẹyin balẹ̀, ó fọ́. Fọláhàn pa mọ́tò. Adésọjí bojú wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbé e kọ́ òun léjìká. Tó bá ṣeé ṣe, Níkẹ́ ìbá ṣa ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀ kó sì gbé e mì.

Ọkùnrin náà kò bínú. Ó wá, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó sì fà á lọ sí ẹ̀yìn trailer. Ó kan ara trailer náà gbà-gbà-gbà, níbi tí ẹrù wà. Lẹ́yìn náà ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀, ó ń jù ú sọ́tùn-ún sósì, sọ́tùn-ún sósì, bí ìrù ẹja, ó ń le sí i, títí ó fi dojú ọwọ́ náà dé.

Ara Níkẹ́ bù máṣọ. Ó rántí. Ìrìn àjò wọn àkọ́kọ́ ni, níbi tí ọ̀nà ti ń dagẹ̀rẹ̀ lọ sí ìhà Morley. Òun ló to ẹrù lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn náà lòun sì to gbogbo rẹ̀ sí. Trailer bẹ̀rẹ̀ sí í jùdí, ó ń gbọn mọ́tò bí ajá ṣe ń gbọn eku. Òun ń ké Jésù. Adésọjí kò fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ó di sítiárì mú ṣinṣin, ó sì fi ọwọ́ fún bọ́tìnì bíréèkì trailer lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítiárì nìkan, jẹ́jẹ́, títí gbogbo rẹ̀ fi rọlẹ̀. Ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. "Níkẹ́," ló sọ lọ́jọ́ náà, "ẹrù ẹ̀yìn yẹn ló fẹ́ pa wá."

"Ẹrù!" Níkẹ́ figbe ta. "Ẹrù lẹ ń sọ! Ẹrù ti pọ̀ jù lẹ́yìn!"

"Òjò," ni Adésọjí dáhùn. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Òjò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi. Òjò ni. Mo ti gbọ́."

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde, wọ́n tún un tò. Adésọjí ń fi ọ̀pá júwe ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò wà: àwọn tó wúwo ní ilẹ̀, síwájú táyà díẹ̀, àwọn fúyẹ́fúyẹ́ lẹ́yìn. Níkẹ́ ń ṣàlàyé fún wọn ohun tí wọn yóò ṣe bó bá jùdí lójú ọ̀nà. Fọláhàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré. "Ẹ ṣé, sir. A ò mọ̀. Ẹ ṣé gan-an, sir."

"Ó dáa," ni Adésọjí wí.

Wọ́n rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n ó gun àtẹ̀gùn kékeré ẹnu ilẹ̀kùn, ó wọnú trailer lọ. Nígbà tí kò jáde, Níkẹ́ wọlé tọ̀ ọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ọwọ́ pa tábìlì tí wọ́n ti máa ń ta ayò. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kan, kò sí nǹkan níbẹ̀, ó rọra tì í.

Níkẹ́ jókòó tì í. "Ẹ ò fẹ́ ká tà á, àbí?"

"Ó dáa."

"Rárá, ẹ má sọ ìyẹn. Ẹ kàn mi orí fún mi. Ẹ fẹ́, àbí ẹ ò fẹ́?"

Adésọjí kò mi orí sókè, kò mì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbójú sí fèrèsé. Níta lọ́hùn-ún, Mardiyah gbára lé mọ́tò, ó ń dúró. Ó yé Níkẹ́ wàyí pé òní gan-an lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ọkọ òun, ní wákàtí tí ìdáhùn rẹ̀ kò lè yí nǹkan kan padà mọ́. Ó rò ó bóyá kóun jáde kóun ní kí wọ́n máa bínú, òun ò tà mọ́. Tí wọ́n bá sì lọ ńkọ́? Trailer á padà sí yáàdì, yóò dúró síbẹ̀ nínú snow. Kò sí ẹni tí yóò wà á lọ síbì kankan. Ó mọ èyí. Mímọ̀ ọ́n kò sì dín nǹkan kan kù nínú ohun tó ń jẹ ẹ́ láyà.

Adésọjí fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde. Ó na ọwọ́ òsì sí Níkẹ́ pé kó ran òun lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó délẹ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi lé Fọláhàn lọ́wọ́, ó sì pa ọwọ́ ọmọ náà dé mọ́ ọn. Wọ́n lọ. Ó dúró títí trailer fi ṣẹ́ kọ́nà, ó tún dúró lẹ́yìn ìgbà náà, títí aládùúgbò fi padà sídìí koríko rẹ̀.

Fọláhàn pè ní ìrọ̀lẹ́ pé àwọn ti dé láyọ̀. Atẹ́gùn fẹ́ lójú ọ̀nà, ó ní, ṣùgbọ́n trailer kò mì, kí Mummy bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Daddy. Níkẹ́ na fóònù sí ọkọ rẹ̀. Adésọjí yíjú sí ògiri. "Ó ti sùn," ni Níkẹ́ sọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Níkẹ́ kò bá ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó wá a ní pálọ̀, ó wá a ní basement. Inú garage ló ti rí i. Ó ti jókòó sínú mọ́tò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, síbi tí Níkẹ́ ti máa ń jókòó tẹ́lẹ̀. Ó ti wọ súwẹ́tà rẹ̀ ní òdì. Ó fa bẹ́líìtì kọjá láyà, kò lè fi ọwọ́ kan dè é, nítorí náà ó kàn dì í mú bẹ́ẹ̀.

Níkẹ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn garage pẹ̀lú aṣọ ìsùn lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó wọ kóòtù lé aṣọ ìsùn náà, ó sì wá jókòó sídìí sítiárì. Ó dè é ní bẹ́líìtì.

"Níbo là ń lọ?"

"Ilé," ni Adésọjí wí.

Níkẹ́ kò mọ èyí tó ń wí. Ó lè jẹ́ Ìlá, agbo ilé bàbá rẹ̀. Ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n fà lọ lánàá. Ó sì lè jẹ́ pé kì í ṣe ilé rárá ló ní lọ́kàn. Kò bi í mọ́. Ó ṣí garage, ó sì rọra wa mọ́tò jáde sí títì. Kò tíì sí ẹnì kankan níta. Ó bọ́ sí títì márosẹ̀ Deerfoot, ó ń rọra wà á, àwọn tó ń kánjú ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọwọ́ òsì Adésọjí sì wà lórí itan ìyàwó rẹ̀.