Obì Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Gé Jẹ

Lórí ọ̀rọ̀ obì, ẹ̀gbọ́n mi Wúlẹ̀mọ̀tù kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ àfi eyín rẹ̀. Nínú ìsọ̀ rẹ̀ ní Sábó, á tú ewé orí apẹ̀rẹ̀, á mú ọ̀kan lókè, á mú ọ̀kan nísàlẹ̀, á gé wọn jẹ kó tó jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ kàn án. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti fi Ṣàgámù sílẹ̀ lọ sókè òkun, síbẹ̀ ìró obì tó ń gé yẹn kò kúrò létí mi.

Ní ọdún méje sẹ́yìn, mo wálé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun Ásárì, wọ́n sáré wá pè mí pé ẹ̀gbọ́n mi ti ṣubú nínú ìsọ̀. Èmi àti Ìdírísù ọmọ rẹ̀ la gbé e dé ọsibítù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò fìrí, ó ní ibà ni, ó kọ oògùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìdírísù kò gbà pé ibà ni. Fàtíà ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló ń wò. "Ẹ̀kọ tí o gbé fún màmá mi láàárọ̀, kí lo fi sí i?"

Gbogbo ilé ló mọ̀ pé "ẹ kú àárọ̀" Fàtíà sí ìyá ọkọ rẹ̀ kì í dénú. Èmi náà wò ó, mo ní, "Ìyàwó, bí nǹkan bá ṣe é, ilé wa ò ní gbà ọ́ mọ́." Inú mi dùn pé mo sọ̀rọ̀ bí àgbà.

Nọ́ọ̀sì kan, Moríyọ̀, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò tíì fún ẹ̀gbọ́n mi ní oògùn ibà náà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo aago. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú.

"Oníbà kì í tutù báyìí," ó ní. "Òógùn bò ó, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ọmọlójú rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́. Kí ni ìyá fọwọ́ kàn lónìí?"

"Ẹ bi í!" Ìdírísù na ìka sí Fàtíà. "Òun ló gbé májèlé wá."

"Gbogbo yín ni mo bi." Ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọlọ́pàá. Ó kọjú sí Fàtíà. "Ta ló tún mu nínú ẹ̀kọ yẹn?"

"Èmi mu ún. Ọmọ mi mu ún. Òun tó ń pariwo yìí gan-an, abọ́ méjì ló mu."

Ìdírísù sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ imú, òórùn kan ta á nímú, ó yí ojú kúrò kíá. Ó la ẹnu rẹ̀, ó rí èérún obì láàrin eyín. "Ìyá jẹ obì lónìí?"

"Nọ́ọ̀sì," Ìdírísù ní, "ẹ kúkú bi mí bóyá ẹja ń mu omi."

"Kí lẹ fi ń pa kòkòrò inú obì yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi ti ráhùn fún mi lórí fóònù pé kòkòrò ń ba obì òun jẹ́. Bí mo ṣe ń bọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú, mo yà ra oògùn kòkòrò kan l'Ékòó, olómi, tí ara ìgò rẹ̀ kún fún ìkọ̀wé wẹ́wẹ́ tí n kò kà. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé e fún un: "Ẹ wọ́n ọn sí wọn, ẹ ó sinmi." Fàtíà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo gbójú sókè, mo bá ojú rẹ̀ lára mi. Bí òun bá sọ ọ́, ta ni yóò gbà á gbọ́?

"Nọ́ọ̀sì," mo ní, "èmi ni mo rà á wá."

"Ẹ lọ gbé ìgò yẹn wá, Bàbá. Kíá!" Ó ti ń ké pe dókítà, ó ti ń bọ́ aṣọ lára ẹ̀gbọ́n mi, ó ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀.

Mo gbé ìgò náà dé, dókítà ka ara rẹ̀, wọ́n gún ẹ̀gbọ́n mi ní abẹ́rẹ́ tó yẹ. Lọ́jọ́ kẹta ó dìde jókòó, ó ń bèèrè obì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ilé, yàrá Fàtíà ti ṣófo. Ó ti gbé ọmọ rẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ìsarà.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bu omi fún mi.

"Bàbá," ó ní, "nọ́ọ̀sì tí kò mọ̀ mí rí bi mí léèrè kó tó dá mi lẹ́jọ́."

Mo gbé omi náà, mo mu ún tán lójú rẹ̀.