Ayùn Tó Dé Fìlà

Kí oníṣọ́ọ̀bù tó sọ pé kí wọ́n rọra, ẹ̀gbọ́n ti tú nọ́ọ̀tì kejì lára ayùn oníná kan. Ó fa ìbòrí kúrò lórí eyín ayùn, ó jù ú sórí káńtà bí ẹni ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ nù, ó sì fi ọwọ́ òsì gbá ojú tábìlì ayùn náà. Ọwọ́ òsì ọ̀hún, ìka mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ayùn ló jẹ méjì yòókù.

"Wàyí o," ó ní, "a ti ń rí ojú ayùn."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ki ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì bọ abíyá. Onídìrí ni. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yẹn ló fi ń jẹun, àwọn ló fi tọ́ ọmọ, àwọn náà ló fi kọ́ ilé tó ń gbé. Igi gígé kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìfẹ́ rẹ̀ ni. Àpótí ìjókòó, pẹpẹ kékeré, àpótí tí ìdérí rẹ̀ ń pa dé wẹ́kú láìlo ìṣó: inú yàrá tóóró kan lẹ́yìn ilé ló ti ń ṣe wọ́n, kì í sì í tà wọ́n. Ṣùgbọ́n ayùn ọlọ́wọ́ ti ń ba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ jẹ́. Bó bá gé pákó lónìí, orí tó bá dì lọ́la á di ìyà. Dókítà ní kó fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú méjèèjì. Ó bi dókítà bóyá ẹnì kan ti ní kí dókítà fúnra rẹ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀ rí nínú oúnjẹ àti oorun. Ohun tó wá ṣe ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn: kó ra ayùn oníná tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, tí kò sì ní í gba ìka rẹ̀ ṣe owó iṣẹ́.

Ayùn méjì ló wà níwájú wọn. Ọ̀kan kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká, èèyàn kan lè gbé e. Òun ni ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lórí yìí. Èkejì jẹ́ irin àtijọ́, ó dúró gbagidi bí akọ màlúù tó ń bínú, kò sì sí nǹkan kan tó bo eyín rẹ̀. Àbúrò bi oníṣọ́ọ̀bù pé èwo ló dáa nínú wọn. Ọkùnrin náà ní gbogbo ẹ̀ ló dáa. Ó bi í pé èwo ló yẹ yàrá kékeré. Ó ní gbogbo ẹ̀ ló yẹ ẹ́. Láti ìgbà náà lọ, onídìrí ti sọ ọ́ ní Gbogbo-Ẹ̀-Ló-Dáa nínú ọkàn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ ti mọ èyí tó dáa. Káfíńtà ni, kì í ṣe káfíńtà ẹnu lásán. Ilẹ̀kùn tó bá kàn kì í wọ́. Òun ló kọ́ àbúrò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí igi kọjú sí. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Bí wọ́n bá ra ayùn tuntun, kí ó tó gé ohunkóhun, wọ́n á tú ìbòrí rẹ̀, wọ́n á sì fi ìṣó gbé e kọ́ sára ògiri. Fìlà ni wọ́n ń pè é. Ayùn tó bá dé fìlà, wọ́n ní ọ̀lẹ ló ni ín. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ṣán rí, bó bá rí ekòló, á fò sókè. Ejò ṣán ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ yìí, ó tún ń ki ìka bọ ejò lẹ́nu.

Ó ní ayùn kékeré yìí, ọṣẹ ni wọ́n ń fi í gé. Ó ní ọmọ àbúrò òun máa jogún irin ńlá yẹn, ọmọ ọmọ rẹ̀ náà á sì jogún ẹ̀. Àbúrò ní òótọ́ ni, torí lọ́jọ́ tí irin yẹn bá wọ yàrá òun, òun máa ní láti kú kí àyè tó wà. Gbogbo-Ẹ̀-Ló-Dáa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi," onídìrí ní, "ẹ bá mi dá fìlà ẹ̀ padà. Bó ṣe máa wà nílé mi ni mo fẹ́ rí i."

"Ta ló kọ́ ẹ nígi?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ṣé mo kọ́ ẹ lẹ́rù náà?"

Èsì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti mú bí abẹ. Kó ṣáà wo ọwọ́ òsì yẹn lásán, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà lẹ́yìn káńtà tó na etí, a kì í sì í tú ẹ̀gbọ́n ẹni síhòòhò lójú aládùúgbò ká máa wá aṣọ bò ó nílé. Ó gbé èsì náà mì.

Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n gbé pákó wá, kí òun fi han àbúrò òun pé ẹ̀rù ò ṣe nǹkan kan fún igi. Oníṣọ́ọ̀bù rọra ní ó máa dáa kí wọ́n dé e padà ná. Ẹ̀gbọ́n ní òun ti ń la pákó kí ìyá oníṣọ́ọ̀bù tó mọ bàbá rẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ tajà kì í bá oníbàárà jà. Ó gbé pákó lé e lọ́wọ́, ó sì tan iná ayùn.

Ayùn náà hó. Ariwo rẹ̀ wọ eyín onídìrí, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ tó ń dùn ún. Ẹ̀gbọ́n ti pákó síwájú, ó dúró dáadáa, èjìká rẹ̀ balẹ̀, lẹ́búlẹ́bú igi ń fọ́n sókè. Ó lẹ́wà, kò sẹ́ni tó máa purọ́. Ó ti la pákó náà dé àárín kí ohùn ayùn tó yí padà.

Onídìrí mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Irun tó bá fẹ́ já, ó máa ń le lọ́wọ́ ná. Pákó náà le. Ojú tí ayùn ti là sílẹ̀ lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé mọ́ eyín, torí irin pẹlẹbẹ tó yẹ kó dúró lẹ́yìn eyín, kó máa la ẹnu pákó sílẹ̀, ti bá fìlà lọ. Orí káńtà ló wà. Onídìrí la ẹnu láti pariwo.

Pákó náà gbéra. Ó ta padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìhà ẹ̀gbọ́n kọjá bí ìgbà tí ẹnì kan jù ú, ó sì lọ forí sọ ògiri, tí àwọn agolo ọ̀dà fi wó lulẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Gbogbo-Ẹ̀-Ló-Dáa ti wà lábẹ́ káńtà. Ayùn ṣì ń yí, kò rí nǹkan jẹ, títí ọwọ́ kan fi jáde láti ìsàlẹ̀ wá pa á.

Ẹ̀gbọ́n kò wo pákó. Kò wo agolo. Ó kọ ẹ̀yìn sí káńtà, ó gbé ọwọ́ òsì sún mọ́ àyà, ó sì fi àtàǹpàkò kan àwọn ìka lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe tọ̀tún náà bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ lórí ẹ̀ rárá. Ó yá wéré, bí ẹni wo àpò bóyá kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, ohun tí èèyàn ti ń ṣe tipẹ́ tí kò mọ̀ pé òun ń ṣe é mọ́. Onídìrí nìkan ló rí i. Òógùn wà létè òkè rẹ̀.

"Pákó yẹn ni ò dáa," ẹ̀gbọ́n ní.

"Gbogbo ẹ̀ ló dáa, ọ̀gá," ohùn kan dáhùn lábẹ́ káńtà.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Onídìrí mú ìbòrí àti irin rẹ̀, ó gbé wọn lé oníṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ bó ti ń dìde, ó ní kó dè wọ́n padà, kó sì di kékeré náà fún òun. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ má bínú sí mi. Èyí ni mò ń mú lọ."

Ó ń retí kó fọhùn. Ó ti múra èsì sílẹ̀ fún oríṣi èébú tó bá yàn. Ẹ̀gbọ́n gbé ayùn náà fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù bá a fọwọ́ kàn án, ó sì jáde.

Nílé, ó wo yàrá ẹ̀yìn náà yíká, ó pòṣé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó yí ayùn kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kí ìrù pákó lè máa jáde sí àgbàlá dípò kó máa lọ forí sọ ògiri. Ó to irin tí pákó ń fẹ̀gbẹ́ tẹ̀ lé, ó tún un tò. Ó fi igi gígùn kan lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní òun ni kó máa fi ti ìdí pákó bó bá ti sún mọ́ eyín, kì í ṣe ìka. Ohùn rẹ̀ le, bíi ti ìgbà tó ń kọ́ ọ ní kékeré.

"Gé e."

Onídìrí tan iná. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n yóò dúró sí òun lórí, kó máa ké mọ́ òun. Ó gbé ojú lé ìlà tó fi pẹ́ńsù fà, ó ti pákó, ayùn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gé e wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò dùn ún. Nígbà tí pákó di méjì, ó pa ayùn, ó gbórí sókè.

Ẹ̀gbọ́n kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀bá ògiri ló wà, níbi tí wáyà ayùn ti wọ iná. Ó ti fi ọwọ́ ọ̀tún di orí wáyà náà mú pinpin, ó ya ẹsẹ̀, ó múra bí ẹni tó fẹ́ fà á yọ. Kì í ṣe pákó ni ojú rẹ̀ wà. Ìka àbúrò rẹ̀ ló ń wò, kò sì tíì mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí.

Onídìrí ti gbọ́ ìtàn ọjọ́ tí ìka ẹ̀gbọ́n lọ, ó ti gbọ́ ọ títí ó fi há a lórí. Ó mọ irú igi tó ń là. Ó mọ ẹni tó ń ṣe àwàdà, ó mọ ẹni tó di ìdí pákó mú, ó mọ ẹni tó sáré wá aṣọ. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹnì kankan tó dúró nídìí iná.

Ẹ̀fẹ̀ kan sáré wá sí i lẹ́nu, irú èyí tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ kó kọjá lọ.

"Pákó kan ṣì kù," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí, ó sì tún orí wáyà dì mú. Onídìrí tan ayùn, ó rọra ti pákó náà sí i lẹ́nu, ó falẹ̀ ju bí iṣẹ́ náà ṣe fẹ́ lọ.