Àwọn Tí Kò Sí Nílé

"Ìyá Àdúrà, ẹ wá wo nǹkan! Ìhòòhò lojú ìwé yìí wà!"

Ayàwòrán ló pariwo bẹ́ẹ̀, obìnrin tó máa ń ya bí ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù yóò ṣe rí kí àwọn tó ń kọ kóòdù tó fọwọ́ kàn án. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ síta. Èsì ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé, tó yẹ kó wà nínú àpótí aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ pupa, ti di ọ̀rọ̀ dúdú lásán, ó tò gbọọrọ bí ìlà èèrà.

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àdúrà gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ nídìí kóòdù rèé, kì í sì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láàárọ̀ láìkọ́kọ́ dijú gbàdúrà. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

"Ó dára lórí ẹ̀rọ tèmi lánàá," ló wí.

"Àná ti lọ, ẹ̀gbọ́n. Aago mẹ́wàá ti kọjá, aago méjìlá ni wọ́n máa ṣí i fún àwọn òbí."

Ọ̀gá wọn ti gbọ́. Ó yọrí látinú yàrá rẹ̀. "Kí lo fi kún un?"

"Ọ̀gá, ẹ mọ irinṣẹ́ tó ń di gbogbo fáìlì wa pọ̀ kó tó dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo so àfikún kan mọ́ ọn, tó ń gbá gbogbo ìlànà ìrísí, àwọn tó ń fún ojú ìwé láwọ̀ àti àpótí, tí a kò lò dànù, kí ẹrù lè fúyẹ́."

"Ó gbálẹ̀ títí, ó gbá aṣọ onílé mọ́ ọn," ni Ayàwòrán wí.

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. "Yọ ọ́ kúrò. Ká gbé e jáde bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló wúwo. Ẹ rántí ọdún tó kọjá. Àwọn òbí tó ní fóònù kékeré, ojú funfun báláú ni wọ́n wò títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá kan pè wá, ó ń sunkún, ó rò pé èsì ọmọ òun ti sọnù."

Ọ̀gá wo aago ara ògiri. "Mo rántí. Iléèwé náà sì ti sọ pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹlòmíì làwọn máa gbé iṣẹ́ fún. Mo fún ọ di aago mọ́kànlá ààbọ̀. Bí kò bá tíì wọṣọ, a ó yọ ọ́, màá sì gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ."

Ìyá Àdúrà ṣí fáìlì tí wọ́n fi ń darí irinṣẹ́ náà. Kò ju ogún ìlà lọ. Ó wo ibi tó ní kí àfikún náà máa wò, ibẹ̀ tọ̀nà. Ó sún un ṣáájú àwọn yòókù, ó tún gbogbo rẹ̀ dì. Ìhòòhò. Ó sún un sẹ́yìn pátápátá. Ìhòòhò náà ni.

Ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Ó padà sínú kóòdù tó ti kọ látọjọ́ pípẹ́. Àkọlé wọṣọ, bọ́tìnnì wọṣọ, kí ló dé tó fi jẹ́ àpótí èsì nìkan ló tú síta? Ìgbà náà ló rí i. Orúkọ ìlànà àwọn àpótí náà kò pé síbì kankan. Ìlàjì rẹ̀ ló wà nínú fáìlì. Ìlàjì kejì ń bá èsì ọmọ kọ̀ọ̀kan bọ̀, wọ́n á pàdé nígbà tí òbí bá ṣí i. Àfikún náà yẹ fáìlì wò, kò rí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, ó gbà pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ.

"Wọn ò tíì dé ni," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọn ò tíì dé ni kò ṣe rí wọn."

Ọ̀rọ̀ náà gbé e padà sí pálọ̀ ìyá rẹ̀. Àga onígi gígùn, ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n fi aṣọ bò ní kọ̀rọ̀, oòrùn àárọ̀ tó ń gba abẹ́ kọ́tìnnì wọlé. Bí ìyá bá ń gbàdúrà, àwọn tó rìnrìn àjò nìkan ló máa ń kì. Ó bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Màámi, àwa tá a wà ńbí ńkọ́?"

"Ẹni tó wà nílé á jẹ́ fúnra rẹ̀," ni ìyá wí. "Ẹni tí kò sí nílé ni kí n pè, kí ilé má baà gbàgbé rẹ̀."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá lọ ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, òun ni ìyá ń kọ́kọ́ kì: "Akínkanjú tí í jí ṣáájú àkùkọ, òpó tó gbé àjà dúró, ibi tó o bá wà, kí ilẹ̀ ibẹ̀ mọ̀ ọ́."

Ìyá wọn ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n náà kò wá síbi ìsìnkú. Ìyá Àdúrà kò bi í pé kí ló dé. Ó kàn yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àdúrà àárọ̀ ilé tirẹ̀, àyè rẹ̀ níbẹ̀ sì ti dí.

Ó nu ojú rẹ̀. Nínú ìtọ́ni àfikún náà, àyè kan wà fún orúkọ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ gbá dànù. Ó ti kà á lánàá, ó fò ó, ó ní gbogbo orúkọ tiwọn ló wà nílé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan: ẹni tó yege, ẹni tó ta yọ, ẹni tí yóò tún un ṣe, ẹni tí à ń retí èsì rẹ̀.

Ayàwòrán yọjú lókè èjìká rẹ̀. "Ẹ yọ èyí tó kẹ́yìn. Kò sí ẹnì kan tí à ń retí lọ́dún yìí."

Ìyá Àdúrà kò yọ ọ́. "Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ó lè dé."

Ó tún un dì. Ọ̀gá mú fóònù tó kéré jù nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, èyí tí gíláàsì rẹ̀ ti là, ó ṣí ojú ìwé náà. Kò tíì ka ení dé ẹ̀ta tí àwọ̀ ewé fi yọ.

"Ó wọṣọ!" ni Ayàwòrán kígbe. "Ó tiẹ̀ wẹ̀!"

"Àdúrà rẹ ti wọ inú kóòdù," ni ọ̀gá wí. Ó rẹ́rìn-ín wàyí.

Aago méjìlá lù, wọ́n ṣí i, kò sí òbí kankan tó pè. Ìyá Àdúrà mú fóònù tirẹ̀, ó jáde sí àtẹ̀gùn. Nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó pè é. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ta nìyẹn?"

Ìkíni kò wá sí i lẹ́nu. Ohun tó wá ni, "Akínkanjú tí í jí ṣáájú àkùkọ..."

Ọkùnrin náà gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Òpó tó gbé àjà dúró. Láti ọjọ́ tí Màámi ti lọ, kò sẹ́ni tó kì mí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn? Mi ò bi yín rí."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sì fetí sílẹ̀.